Swíìṣì Méjì Tí Kò Jáwọ́

Ẹ mú relay kékeré kan lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń wà nínú stabilizer, nínú ìnfátà, tàbí nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí orí ike rẹ̀. Ẹ ó rí 10A 250VAC. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí 10A 30VDC. Relay kan náà ni, kọ́ńtáàtì kan náà ni, amp mẹ́wàá kan náà sì ni. Bí iná bá jẹ́ AC, wọ́n gbà á láyè dé 250 volt. Bó bá jẹ́ DC, 30 volt ni òpin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ra relay lọ́jà kì í ka ìlà kejì yẹn. "Amp mélòó ni?" là ń béèrè. Bí ọlọ́jà bá ti dáhùn, owó ti jáde nìyẹn.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti ìgbà tí irú nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò kà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọkùnrin mẹ́ta, níbi tí ẹ̀dá alààyè kankan kò ti lè sáré lọ gbà wọ́n. Àmọ́ ìtàn náà kò ní yé ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú relay, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí i wò.

Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀, iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì sábà máa ń gba inú wọn kọjá. Ọ̀kan ni kọ́ìlì, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé mọ́ irin. Bí iná bá wọ kọ́ìlì, irin yẹn á di òòfà, á fa ahọ́n irin kékeré kan mọ́ra. Èkejì ni kọ́ńtáàtì, ojú irin méjì tó ń pàdé tó sì ń pínyà bí ahọ́n yẹn bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Iná kékeré tó wà ní kọ́ìlì ló ń pàṣẹ, iná ńlá tó ń gba kọ́ńtáàtì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ ká béèrè AC tàbí DC lórí relay kan ṣoṣo. Ẹni tó béèrè ti kọ́ìlì kò tíì béèrè ti kọ́ńtáàtì.

Ti kọ́ìlì ni àwọn oníṣẹ́ iná mọ̀ jù, nítorí kì í pẹ́ tí àkàrà rẹ̀ fi ń tú sépo. Kọ́ìlì DC gbára lé gígùn wáyà rẹ̀ àti bó ṣe tín-ín-rín tó láti dín iná kù. Ti AC kò rí bẹ́ẹ̀. Iná AC ń lọ ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ilẹ̀ wa, òòfà tó ń tìtorí rẹ̀ yí padà yẹn sì ń dènà iná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi wé wáyà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ kọ́ìlì AC. Nínú irú relay kékeré kan tó wọ́pọ̀ nínú páńẹ́ẹ̀lì iléeṣẹ́, kọ́ìlì 24 volt DC máa ń ní nǹkan bí 650 ohm, ti 24 volt AC kò sì ju nǹkan bí 180 ohm lọ. Bí ẹ bá wá gbé bátìrì 24 volt lé kọ́ìlì AC yẹn, òòfà kò yí padà mọ́, kò sì sí ohun tó máa dènà iná ju 180 ohm yẹn lọ. Iná tó máa wọlé á tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ èyí tó yẹ kó gbà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé relay náà á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Á fà, á dún kà, ẹni tó so ó á palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, á gba owó, á lọ. Ó di ìgbà tí òórùn wáyà tó ń jó bá gba inú ilé kí onílé tó mọ̀.

Bí ẹ bá ṣe òdìkejì, tí ẹ gbé AC lé kọ́ìlì DC, òòfà á máa kú á máa jí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ahọ́n irin á máa gbọ̀n, relay á máa kùn, kọ́ńtáàtì á máa pàdé á máa pínyà títí ojú rẹ̀ á fi jó. Àwọn tó ń ṣe relay AC ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n máa ń de òrùka bàbà kékeré kan mọ́ apá kan orí irin òòfà, òrùka yẹn sì ń mú kí òòfà apá ibẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn ti apá tó kù. Bí ọ̀kan bá ń kú lọ, èkejì ṣì di ahọ́n mú. Ẹni tó bá ní contactor, ìyẹn relay ńlá, tó ń kùn nílé, kó pa iná pátápátá, kó ṣí i, kó sì wo òrùka náà dáadáa. Ó lè ti là.

Ìkùn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí iná NẸ́PÀ bá wálẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́, contactor inú páńẹ́ẹ̀lì changeover á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàràtàrà. A máa ń rò pé nígbà tí iná kò tó, kọ́ìlì ń sinmi ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kọ́ìlì AC tí ahọ́n rẹ̀ kò bá tíì dé ilé ń jẹ iná fíìfíì ju èyí tó ti dé ilé lọ, nítorí àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ń sọ ìdènà òòfà di aláìlágbára. Bó ṣe ń gbọ̀n lójú wa yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń jó nínú.

Ṣùgbọ́n orí kọ́ńtáàtì ni ìtàn mi wà. Pípàdé kò le fún ojú irin méjì, pípínyà ló le. Bí wọ́n bá ń pínyà nígbà tí iná ńlá ń gba àárín wọn, iná náà kì í dúró. Á fo àlàfo náà, á di ìmọ́lẹ̀ funfun tí ooru rẹ̀ lè yọ́ irin. Jórinjórin ní ẹ̀bá títì ń mọ̀ọ́mọ̀ dá irú iná yẹn sílẹ̀ láti fi jó irin méjì pọ̀. AC ní ohun kan tó ń gbà á sílẹ̀: ó ń kọjá lórí òdo ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá ti kan òdo, iná tó fò yẹn á kú, bí àlàfo bá sì ti fẹ̀ tó, kò ní lè jí mọ́. DC kò mọ òdo. Ó ń tì lọ láìdánudúró, bí volt tó ń tì í bá sì ti lágbára tó láti fo àlàfo, iná á máa jó níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 250 fi di 30 lórí relay kan náà.

Relay kan tiẹ̀ wà tí kò ní kọ́ńtáàtì rárá, èyí tí wọ́n ń pè ní solid state. Ti AC nínú wọn ń dúró de òdo yẹn kó tó lè pa. Bí ẹ bá lò ó fún DC, á tàn nígbà tí ẹ bá ní kó tàn, kò sì ní pa nígbà tí ẹ bá ní kó pa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1962, wọ́n ń kọ ìlànà bí wọn yóò ṣe ṣe táǹkì ọ́síjìn fún àwọn ọkọ̀ Apollo tó ń lọ sí òṣùpá. Iléeṣẹ́ North American Aviation ló ń ṣe ọkọ̀ náà fún NASA, òun ló sì gbé iṣẹ́ táǹkì fún Beech Aircraft ní ìlú Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ọ́síjìn tó tutù nini ni wọ́n ń rọ sínú táǹkì yìí, kì í sì í ṣe fún mímí nìkan. Ara rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń ṣe iná àti omi tó ń lò. Hítà wà nínú táǹkì láti máa mú ọ́síjìn gbóná díẹ̀ kó lè jáde, fáànù méjì sì wà láti máa rò ó pọ̀. AC ni fáànù ń lò, DC ni hítà ń lò. Kí hítà má bàa gbóná kọjá ààlà, wọ́n fi swíìṣì méjì sí i tí ooru fúnra rẹ̀ ń ṣí. Bí ìgbóná bá ti dé 80 ní Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 27 ní Celsius, kí wọ́n já iná.

Relay kọ́ ni swíìṣì wọ̀nyí. Òòfà ló ń ṣí relay, ooru ló ń ṣí tiwọn. Ṣùgbọ́n ojú irin méjì tó ń pàdé tó ń pínyà náà ni, òfin kan náà ló sì de gbogbo wọn.

28 volt DC ni iná inú ọkọ̀, 28 volt DC ni wọ́n sì ṣe àwọn swíìṣì náà fún. Nígbà tó di 1965, North American yí ìlànà padà. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ṣì wà nílẹ̀ ní Kennedy Space Center ní Florida, 65 volt DC ni kí wọ́n máa gbé fún hítà, kí ìfúnpá inú táǹkì lè tètè gòkè. Ìlànà tuntun yìí dé ọ̀dọ̀ Beech, ṣùgbọ́n àwọn swíìṣì dúró sórí 28. Beech kò pààrọ̀ wọn. North American yẹ ìwé wò, kò rí i. NASA yẹ ìwé wò, kò rí i. Wọ́n dán táǹkì wò lóríṣiríṣi, síbẹ̀ kò sí ìdánwò kan tó béèrè pé kí swíìṣì ṣí nígbà tí 65 volt wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ iná NẸ́PÀ nìkan lè ní kí ni 65 volt jámọ́. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni ẹ̀mí ìtàn yìí wà. Kọ́ńtáàtì tó ti pàdé kì í mọ volt. Amp nìkan ló ń mọ̀. Ẹ lè fi 28 sí i, ẹ lè fi 65 sí i, bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kò bá ti pọ̀ jù, ara á tù ú. Ọjọ́ tó bá fẹ́ ṣí ni volt ń dé bá a. Nígbà tí ọ́síjìn tútù wà nínú táǹkì, swíìṣì wọ̀nyí kò ní ìdí láti ṣí, wọ́n wà ní pípàdé ṣáá, 65 volt ń kọjá, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Àṣìṣe náà jókòó sínú táǹkì láti ọdún dé ọdún, ara ẹnikẹ́ni kò sì fu.

Táǹkì kan nínú wọn ti rí èèmọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní October 1968, wọ́n ń yọ ọ́ lára ọkọ̀ tó wá di Apollo 10. Bóòtù kan wà tí wọn kò tú, bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè, ó já wálẹ̀ nǹkan bí ínṣì méjì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbà pé kò ṣe é ní nǹkan kan, wọ́n sì gbé e sínú Apollo 13. Ó ṣeé ṣe kí ìjábọ́ yẹn ti yẹ páìpù kékeré kan nínú rẹ̀ nípò. Ní March 1970, wọ́n rọ ọ́síjìn sínú ọkọ̀ náà fún ìdánwò, wọ́n wá fẹ́ tú u jáde. Táǹkì kìíní tú. Táǹkì kejì, èyí tó jábọ́ yẹn, kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ẹnjiníà gbèrò pé àwọn yóò fi hítà lé ọ́síjìn náà jáde. Wọ́n tan hítà pẹ̀lú 65 volt ilẹ̀ yẹn, wọ́n sì jẹ́ kó máa jó fún wákàtí mẹ́jọ.

Ọ́síjìn ń lọ, ooru ń gòkè. Nígbà tó dé ibi tó yẹ, àwọn swíìṣì ṣe ohun tí wọ́n dá wọn fún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ojú irin méjì kúrò lára ara wọn ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, 65 volt DC sì fò bá wọn láàárín. Irin yọ́, ó jó pọ̀. Láti ìgbà náà, swíìṣì kò jẹ́ swíìṣì mọ́, ó ti di wáyà lásán. Hítà wá ń gbóná lọ láìsí ẹni tó máa dá a lẹ́kun.

Aago tó ń ka ìgbóná wà níwájú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n nǹkan bí 80 Fahrenheit náà ni òpin ohun tó lè kà. Ó dé ibẹ̀, ó dúró. Aago mìíràn tún wà lórí páńẹ́ẹ̀lì hítà tó ń fi iná tí hítà ń jẹ hàn. Ká ní swíìṣì ti ṣí, ọwọ́ aago yẹn ì bá ti bọ́ sí òdo. Kò bọ́. Bí ẹnì kan bá ti wò ó pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìgbóná apá ibì kan lára páìpù hítà á ti tó 1,000 Fahrenheit, tó ju 500 Celsius lọ. Teflon tó bo wáyà fáànù jó, ó là. Wọ́n tún rọ ọ́síjìn kún táǹkì náà.

Apollo 13 gbéra ní 11 April 1970. Jim Lovell ni ọ̀gá ọkọ̀, Jack Swigert àti Fred Haise wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní alẹ́ 13 April, nígbà tí wọ́n ti jìnnà sí ilé tó ju 300,000 kìlómítà lọ, àwọn tó wà nílẹ̀ ní kí Swigert tan fáànù inú táǹkì. Ó tan án. Iná ta lára wáyà tí awọ rẹ̀ ti bó, láàárín ọ́síjìn tó mọ́ gaara. Kò pẹ́ tí táǹkì fi bú. Ó ba táǹkì kìíní jẹ́, ọ́síjìn ń tú lọ sínú òfurufú, iná ọkọ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá wọ ọkọ̀ kékeré tó yẹ kó gbé méjì nínú wọn balẹ̀ sórí òṣùpá. Inú rẹ̀ ni wọ́n wà fún bí ọjọ́ mẹ́rin, nínú òtútù, pẹ̀lú omi díẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn òṣùpá ká, wọ́n sì padà wá balẹ̀ láàyè lórí òkun Pàsífíìkì ní 17 April. Ìtàn bí wọ́n ṣe yè é ni gbogbo ayé mọ̀, fíìmù wà lórí rẹ̀. Ti swíìṣì méjì yẹn ni kì í sábà dé etí ènìyàn.

Ìgbìmọ̀ tí Edgar Cortright darí gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní June ọdún náà. Wọ́n fi irú swíìṣì yẹn dán 65 volt wò, ó sì jó pọ̀. Apollo 14 kò gbéra títí di ìparí January 1971. Wọ́n ti yọ àwọn swíìṣì ooru yẹn kúrò nínú táǹkì ọ́síjìn rẹ̀, wọ́n yọ fáànù, wọ́n fi irin bo wáyà, wọ́n sì fi táǹkì kẹta kún un.

Ohun tó ń ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí òpè níbẹ̀. Ohun tí DC ń ṣe fún kọ́ńtáàtì kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn ẹnjiníà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kò bi swíìṣì: bó bá di dandan pé kí o ṣí nígbà tí 65 volt wà lórí rẹ, ṣé o lè ṣe é? Àwa náà kì í bi tiwa. Mo ń rí relay ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n kọ 30A 14VDC sí lára, nínú páńẹ́ẹ̀lì ìnfátà oní-bátìrì 48 volt. "Ọgbọ̀n amp ni, ó lágbára gan-an" ni ẹni tó so ó á wí. Òótọ́ ni, bó bá pàdé. Mo ń rí bíréékà AC tí wọ́n fi sí ẹnu wáyà tó ń bọ̀ láti orí òrùlé, níbi tí wọ́n ti so páńẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ ní títẹ̀léra, tí volt DC rẹ̀ sì ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Bíréékà yẹn lè wà ní títàn fún ọdún mẹ́ta kó má ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, tí ẹ sáré lọ pa á, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ bá 100 volt DC pàdé, ara ògiri yàrá yín ló sì ti máa ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti so sólà sílé, ẹ lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára gbogbo bíréékà àti relay tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì òrùlé, bátìrì àti ìnfátà. Ẹ wá VDC, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi wé volt tó pọ̀ jù tó lè wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ VAC nìkan ló wà lára rẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí kò sí swíìṣì tó ń pa páńẹ́ẹ̀lì sólà nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Bí ẹ bá ra bíréékà DC tuntun, ẹ wo bóyá àmì + àti - wà lára rẹ̀. Bó bá wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó sódì: òòfà kan wà nínú irú rẹ̀ tó ń ti iná tó fò lọ síbi tí yóò ti kú, bí wáyà bá sì yí padà, ibi tí kò yẹ ni yóò máa tì í sí.